Ibùsùn Bàbá Ti Sọ̀kalẹ̀ Wá sí Pálọ̀

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Saron,
Cwm Hesgen.
Ọjọ́ kẹta oṣù Ọ̀wàrà, 1954.

Ẹ̀gbọ́n mi Ithel,

Irọ́ ni Jac Oníwàrà pa fún yín. Bàbá kò fi àáké la dùùrù yín, wọn kò sì fi í dáná. Àbúrò Jac ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lónìí pé ẹ ti gbọ́ ọ, àti pé Jac ń sọ ọ́ ní gbogbo ilé tó ń gbé wàrà dé ní Lọndọn, pé èéfín rẹ̀ dé orí òkè. Ẹ bá mi sọ fún un pé èmi Mostyn ní kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Dùùrù wà ní pálọ̀ níbi tí ẹ fi í sí, àwòrán Màmá sì wà lórí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Bàbá ti ìdérí rẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ wà lápò wẹ́sítíkóòtù wọn. Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe iná.

N kò tíì kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì kù díẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́ta náà. Ẹ kú ilẹ̀ onílẹ̀. Mo wà dáadáa. Ihò èédú ṣì wà níbi tó wà, èmi náà ṣì ń wọ̀ ọ́ láràárọ̀. Bópà Leisa, ìyá àdúgbò wa tí ilé wọn kan tiwa, ní kí n kí yín, wọ́n ní ṣé ẹ ń jẹun.

Ohun kan ṣì kù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ Twm Pitar gbé ibùsùn Bàbá sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá sí pálọ̀. Ẹ̀gbẹ́ dùùrù la tẹ́ ẹ sí. Wọ́n ní kí n má sọ nǹkan kan fún yín, nítorí náà n kò sọ nǹkan kan. Mo ní ibùsùn ti sọ̀kalẹ̀ ni. Ọmọ Cwm Hesgen ni yín.

Ẹ kọ̀wé sí Bàbá. Ìlà kan tó.

Èmi ni àbúrò yín,
Mostyn.


Òpópónà Frith, Soho,
Lọndọn.
Ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀wàrà.

Mostyn, àbúrò mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú ewu ihò. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé dùùrù kò jóná. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè jẹun nítorí Jac.

Ṣùgbọ́n má ní kí n kọ̀wé sí ọkùnrin yẹn. Mo wà níbẹ̀, Mostyn, ìwọ náà wà níbẹ̀. Díákónì Beynon ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gé mi kúrò nínú ìjọ dìde dúró. Ta ló kọ́kọ́ dìde? Wọ́n ní torí pé mo tẹ dùùrù nílé ọtí awakùsà lọ́jọ́ Ìsinmi ni. Irọ́ ni. Torí pé mo fi ohùn tí kò sí nínú ìwé kún orin àjọ̀dún ni. “Ohun tí a kọ ni kí o tẹ̀,” ọkùnrin yẹn a máa wí. Bí mo bá sùn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ní báyìí ó ti gbé ibùsùn ti dùùrù bí ajá tó sùn ti egungun. Kó máa ṣọ́ ọ lọ.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo fọ abọ́, mo tẹ dùùrù fún àwọn atukọ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí omi ń ro lára ògiri rẹ̀, títí Ọ̀gbẹ́ni Mallory fi wọlé lọ́jọ́ kan tó sì jókòó tì mí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo wà báyìí, ọkùnrin mẹ́rìnlá, fèrè, ìlù àti gbogbo rẹ̀. Orin jáàsì la ń ṣe, Sátidé mìíràn a máa wà lórí rédíò. Ó bi mí bóyá mo mọ ìwé orin kà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Irọ́ kọ́ pátápátá. Sọ́ọ̀fà tí wọ́n fi kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì Saron, dò rè mí tí wọ́n ń fi lẹ́tà d, r, m kọ, mo lè kà á lójú oorun. Ta ló sọ fún mi pé ní ibi gbogbo yòókù láyé, ìlà márùn-ún ni wọ́n ń fà, tí wọ́n á sì wọ́n kóró dúdú sórí rẹ̀ bí ìgbẹ́ eku lórí okùn aṣọ? N kò mọ̀ ọ́n kà. Mo máa ń gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu àwọn tó kù, màá sì tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀pẹ, a máa ṣe orin tuntun kan lórí rédíò tí dùùrù nìkan máa sọ̀rọ̀ níparí rẹ̀, tí gbogbo wọn á dákẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ?

Ẹni méjì péré ló mọ ìlà márùn-ún kà ní Cwm Hesgen: ọkùnrin yẹn, àti Ọ̀gbẹ́ni Penry tíṣà. Mo fi ìwé ojú ewé méjì kan sínú lẹ́tà yìí, ká fi dán an wò. Mú un lọ bá Penry, kó bá mi sọ ọ́ di sọ́ọ̀fà. Má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fojú kàn án.

Ithel.


Cwm Hesgen.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ọ̀wàrà.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìmúra orin. Ìwé yín nìyí, ojú ewé méjèèjì, wọ́n ti di sọ́ọ̀fà.

Ẹ má pe Bàbá ní ọkùnrin yẹn mọ́. Bí ẹ bá tún pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa jẹ́ iṣẹ́ fún yín. Èmi náà bínú lọ́jọ́ tí wọ́n dìde yẹn, mo sì sọ ọ́ sí wọn lójú, oṣù mẹ́ta la fi jẹun láìbára wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ni mo ti bínú tèmi. Ẹ̀yin gbé ìbínú tiyín wọ ọkọ̀ ojú irin.

Mo sọ nǹkan kan fún yín nínú lẹ́tà mi àkọ́kọ́. Ẹ kà á, ẹ ò rí i.

Ẹni tó kọ sọ́ọ̀fà náà ní kí n sọ fún yín pé ní ojú ewé kejì, kí ọwọ́ òsì má sáré. Ó ní ọwọ́ òsì yín ti máa ń sáré láti kékeré, bí ẹni tí ajá ń lé.

Bópà Leisa tún ní ṣé ẹ ń jẹun. Ẹ dáhùn wọn, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn.

Mostyn.


Lọndọn.
Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Bélú.

Mostyn,

O ṣeun, o ṣeun, o ṣeun. Sọ fún Bópà Leisa pé mo ń jẹun. Mo fi sọ́ọ̀fà náà sábẹ́ ìwé gidi, mo ń yọ ọ́ wò díẹ̀díẹ̀, mo sì tẹ orin náà bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Mallory mi orí sókè sódò. Ó yà mí lẹ́nu pé Penry ṣì rántí ọwọ́ òsì mi.

Ẹnì kan ni kò mi orí. Crowe lorúkọ rẹ̀, dùùrù lòun náà ń tẹ̀, ó máa ń jókòó sẹ́yìn wa de ọjọ́ tí àìsàn bá ṣe mí. Kò sí ohun tó wù ú láyé bí àìsàn tèmi. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìdánrawò.

“Probert, kí ló dé tí o kì í ṣí ewé nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣí i?”

“Mo ti mọ ohun tó wà níwájú.”

“Hẹ̀n-ẹ́n,” ó ní. “Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n.”

Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti wà ní ẹ̀yìn ọrùn mi.

Ẹ̀dà ìwé orin rédíò náà nìyí, ojú ewé mẹ́sàn-án. Bá mi sọ fún Penry pé kó ṣe kíá. Sọ fún un pẹ̀lú pé ó ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ orin ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ gún régé jù. Ọwọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n, díẹ̀ ló kù kí n ka fà sí là. Ṣé tíṣà wa ti ń mutí ni?

Ithel.


Cwm Hesgen.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Bélú.

Ẹ̀gbọ́n mi Ithel,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ojú ewé mẹ́ta ló wà nínú àpò yìí.

Mo ka ohun tí ẹ ní kí n sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an, ọtí àti gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì dáwọ́ dúró títí tíì tó wà lọ́wọ́ mi fi tutù. Ó wá ní, “Orin ìsìnkú kẹ̀? Ọmọ náà ṣì létí.” Ó mú gègé, ó sì ń bá a lọ. Ojú ewé kan lóòjọ́ ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ìlà mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ilé. Ọ̀sán àti òru ni iná ń jó ní pálọ̀. Bàbá kì í dùbúlẹ̀ mọ́, ìjókòó ni wọ́n ń sùn, ìrọ̀rí mẹ́rin lẹ́yìn wọn. Bópà Leisa ń gbé omi ọbẹ̀ àgùntàn wá láràárọ̀, wọ́n sì ń gbé e padà lálaalẹ́. Twm Pitar tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ní Saron wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ mọ̀ pé ìyẹ̀fun èédú ti jẹ àyà òun náà tán. Kò lè gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa mẹ́ta, ó jókòó sórí ìkejì, ó ń pariwo wọlé.

“Eseia! Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?”

“Mo wà!” Bàbá dá a lóhùn. “Ìwọ ńkọ́?”

“Mo wà lójú ọ̀nà!”

“Má jẹ́ kí n dúró dè ọ́ pẹ́ o!”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dára láti gbọ́. Mo jáde lọ ṣẹ́gi tí a ò nílò.

Ẹ wá sílé. Lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti ṣèlérí pé n kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì mọ̀ mí, n kì í yẹ àdéhùn. Ẹ wá.

Mostyn.


Lọndọn.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Bélú.

Mostyn,

Ojú ewé mẹ́ta! Mẹ́sàn-án ni mo fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

O ní kí n wá sílé. Ṣé o rò pé ibi iṣẹ́ mi dà bí ihò ni, tí èèyàn lè sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun? Ẹni tó bá pa ìdánrawò kan jẹ ní ẹgbẹ́ Mallory, ọ̀la ni ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga rẹ̀, mo sì ti sọ orúkọ ẹlòmíràn náà fún ọ. Bó o bá mọ ohun tó fi mí ṣe ní ọjọ́rú! Mo lọ mu omi, ó dorí ìwé mi kodò lórí dùùrù. Mo padà, mo jókòó, mo tẹ orin ojú ewé méjì yẹn tí mo ti há sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ̀ pé ìwé wà lódì. Gbogbo wọn ló rí i.

“Probert,” Crowe ní, “ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kàwé lọ́dọ̀ yín, láti inú ihò wá sókè?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mallory kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní, “Ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀pẹ, Probert.”

Bí Penry bá ti darúgbó, sọ fún un kó jẹ́wọ́, kó má fi tèmi ṣòfò. Kí o sì jọ̀ọ́, yéé kọ ìròyìn ikọ́ àti ìrọ̀rí sí mi. Gbogbo Cwm Hesgen ló ń húkọ́.

Ithel.


Lọndọn.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Bélú.

Mostyn,

Ọjọ́ méje, o ò fèsì.

Jac gbé wàrà wá láàárọ̀ yìí. Mo ní kó bá mi kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀, kó lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Penry.

“Penry?” Jac ní. “Penry tó ti kó lọ sí Swansea láti oṣù Agẹmọ? Ilé náà ṣófo.”

Mo ní irọ́ ló ń pa, bó ṣe máa ń pa á. Ó búra. Ó wá gbé ìgò kalẹ̀, ó ní, “Ithel, má bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ dùùrù yẹn. Mo gbọ́ pé ibùsùn Bàbá yín ti sọ̀kalẹ̀.” Ó sì ṣí fìlà.

Ó ṣí fìlà, Mostyn. Lójú ọ̀nà mi, nínú òjò.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó o sọ fún mi láti oṣù Ọ̀wàrà. Ibùsùn bàbá Twm sọ̀kalẹ̀. Ibùsùn ọkọ Bópà Leisa sọ̀kalẹ̀, a jọ wà lójú pópó tí à ń ṣeré, a rí i, a sì dẹ́kun eré. Mélòó nínú wọn la rí tó padà sókè? Mo kà á nínú lẹ́tà rẹ, mo sì ní ajá sùn ti egungun.

Mo kó gbogbo sọ́ọ̀fà náà jáde. Mo wo ìrù tó wà lẹ́yìn “d”. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi wo ìrù yẹn lójú pátákó Saron. Ọwọ́ ta ni? Dá mi lóhùn.

Ithel.


Cwm Hesgen.
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Bélú.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọwọ́ Bàbá ni. Ẹ ti mọ̀, nítorí náà ìlérí mi ti tán.

N kò purọ́ fún yín. Ẹ ò bi mí bóyá Penry ṣì wà nílùú. Lọ́jọ́ tí ìwé yín àkọ́kọ́ dé, Bàbá rí i lọ́wọ́ mi.

“Kí nìyẹn?”

“Ìwé orin ni. Ti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Tabor.”

Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan. “Bí Tabor bá kọ èyí, òrùlé á wó lé wọn lórí. Lọ bá mi mú yíǹkì wá.”

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò dárúkọ yín. Bí wọ́n bá ti kọ ìlà kan, wọ́n á na ọwọ́ sórí ìdérí dùùrù tó wà ní títì, wọ́n á tẹ igi, wọ́n á gbọ́ ọ lọ́kàn, wọ́n á tún gbọn orí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, “Èyí kò bófin mu rárá.” Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ń lọ.”

Ọ̀sẹ̀ tí n kò fi kọ̀wé, n kò lè fi wọ́n sílẹ̀ ni. Mo bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìdìde yẹn. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dìde?”

Wọ́n ní, “Èmi ni mò ń darí orin. Bí mo bá jókòó, wọ́n á ní torí pé ọmọ mi ni. Mo rò pé kí ọ̀sẹ̀ tó pé, á wá bẹ ìjọ, á sì parí. Mo gbàgbé pé ọmọ mi ni.”

Ojú ewé kẹrin dé ìkeje ló wà níbí. Ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án kò sí. Lánàá, gègé bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n wá gba ewé kan, wọ́n kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sórí rẹ̀, wọ́n ní kí n fi ṣe ìkẹjọ. Ẹ máa rí i. N kò ní tún un kọ síbí.

Ní ti pé kí ẹ wá: Bàbá ní kí ẹ má wá títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. “Bó bá wá báyìí, ta ló máa tẹ̀ ẹ́?” Èmi ní kí ẹ wá. Ẹ ti gbọ́ tiwọn, ẹ ti gbọ́ tèmi.

Mostyn.


Lọndọn.
Ọjọ́ kẹfà oṣù Ọ̀pẹ.

Mostyn,

Wáyà rẹ dé láàárọ̀ yìí. BÀBÁ TI LỌ. ÌSÌNKÚ ỌJỌ́BỌ̀. N kò mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. O kú ìtọ́jú. O kú ìdúró tì wọ́n. Ìwọ ni ọmọ, èmi kọ́.

Mo yàn tiwọn, n kò yan tìrẹ, mo sì máa gbé e títí ibùsùn tèmi náà á fi sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kó o lè mọ̀ ọ́n.

Mo tẹ ojú ewé méje bí Bàbá ṣe kọ ọ́. Ọwọ́ òsì mi kò sáré. Bí mo bá ti ń kà á, mo ń rí ibi tí wọ́n ti sinmi, ibi tí yíǹkì ti pọ̀ jù, ibi tí ìlà ti wọ́ lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó di ìkẹjọ, gbogbo fèrè dákẹ́, ó ku èmi nìkan. Mo ṣí ewé. “Láti ibí lọ, etí rẹ ni kí o lò.” Ó ti wà lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́bọ̀, mo sì ti kà á tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ní Sátidé, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni. N kò lè sọ ohun tí mo tẹ̀ fún ọ. Mo mọ̀ pé kò sí nínú ìwé Mallory.

Bí iná pupa ilé-iṣẹ́ rédíò ti kú ni Crowe ti fa ìwé náà yọ lábẹ́ ọwọ́ mi, ó gbé e fún Mallory. “Ẹ wò ó, sà. Kò mọ ìwé kà láti ọjọ́ yìí.” Mallory yí i sókè, ó yí i sódò.

“Kí lèyí?”

“Ọwọ́ bàbá mi ni, sà.”

“O lè kà á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Mo ti ń wá ẹni tó lè parí orin yẹn láti ọdún kan,” ó ní. Kò sọ bóyá ó ti rí i. Ó ní ká pàdé ní ọjọ́bọ̀ fún ijó ńlá kan ní Brighton, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò sí mọ́. Lẹ́yìn tí wáyà dé, mo lọ bá a, mo ní ọjọ́bọ̀ la máa sin bàbá mi. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn, ṣùgbọ́n Crowe ti mú aṣọ eré rẹ̀ lọ fọ̀.

Kó fọ̀ ọ́. Mò ń bọ̀.

Ohun kan péré ni mo fẹ́. Ta ló máa dá orin létí sàréè? Ogójì ọdún ni Bàbá fi dá a fún gbogbo òkú Cwm Hesgen. Mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n gé kúrò kò lẹ́tọ̀ọ́. Bá mi bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní rárá, màá dúró lẹ́yìn ògiri ibojì, màá sì pa ẹnu mi mọ́. Ṣé wọ́n gbọ́ orin náà, Mostyn? Ìgbà wo ni wọ́n lọ?

Ithel.


Cwm Hesgen.
Ọjọ́ keje oṣù Ọ̀pẹ, ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Ithel,

Ẹ kú ara fẹ́ra kù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Saron ni, n kò tíì bọ́ kóòtù. Bí lẹ́tà yìí bá ti dé, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó bá kọ́kọ́ kúrò. Ẹ má mú ìwé kankan dání.

Wọ́n gbọ́ ọ. Bópà Leisa gbé rédíò tiwọn wá, a gbé e ka orí dùùrù. Ìwé onílà márùn-ún wà lórí ẹsẹ̀ Bàbá, ìka wọn ń tọ̀ ọ́ lọ. Bó ṣe kan ojú ewé kẹjọ, ìka náà dúró. Wọ́n pa ìwé dé. “Ó ti kúrò lórí rẹ̀,” wọ́n ní.

Mo ní, “Ṣé ó burú, Bàbá?”

“Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́.”

Ìyẹn ni wọ́n sọ kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ lórí rédíò, Bópà Leisa ló kọ́kọ́ rí i pé ìrọ̀rí kò mì mọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. N kò mọ ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ lápò. Mo ti ṣí ìdérí, n kò fọwọ́ kan inú rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí ìpàdé ìjọ lónìí. Díákónì Beynon ní òfin ni òfin, ẹni tí a gé, a ti gé e, òun ò sì fẹ́ gbọ́ jáàsì lórí pósí. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ní kí a fi ìdìde gé e. Ẹ jẹ́ ká fi ìdìde bi ìjọ.” Ó ní mo jẹ́ aláfojúdi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kó ṣe é. Nígbà tó rí i pé n kò ní jókòó, ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ kí Ithel Probert dá orin fún bàbá rẹ̀, kó dìde.”

Kò sẹ́ni tó mira. Mo rí àga Bàbá níwájú, òfìfo, ìwé orin lórí rẹ̀, mo sì rò ó pé wọ́n tún ti gé yín lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé yín.

Bópà Leisa wá dìde. Obìnrin kì í dé etí sàréè nílùú wa, wọn ò tilẹ̀ ní gbọ́ orin náà, àwọn ló máa wà nílé gé ẹran sílẹ̀ de àwọn ọkùnrin. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, wọ́n dìde. “Beynon,” wọ́n ní, “kọ orúkọ mi sílẹ̀. Kọ ọ́ dáadáa.” Mo ka ẹnì kan. Ọmọ Twm tá a jọ gbé ibùsùn, ẹni kejì. Àbúrò Jac, tó mọ̀ pé irọ́ ẹ̀gbọ́n òun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ẹni kẹta. Àwọn olóhùn òkè dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí Bàbá bá gbọ́wọ́ sókè sí wọn, mẹ́sàn-án. Ìyẹn méjìlá. Ìdílé Hopcyn, mẹ́rin. Àwọn mìíràn wà tí mo rí pẹ̀lú ojú mi tí wọ́n dìde láti gé yín, wọ́n dìde, wọn ò wo ojú mi. Mo kà wọ́n bákan náà. Beynon kò dìde. Àwọn mẹ́fà tó jókòó tì í, mo mọ orúkọ wọn, màá bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú.

Mo ti ka mọ́kàndínlógójì, ó ti ju ìdajì ìjọ lọ, nígbà tí mo gbọ́ èémí lẹ́yìn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ayùn rẹ́ igi tútù. Twm Pitar ni. Ó di àga mú, ó gbé ara sókè, ó padà jókòó. Ó tún gbé e. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jókòó tẹ́lẹ̀, n kò sì rò pé wọ́n fẹ́ dìde. Ó na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbá a mú lábẹ́ apá, wọ́n gbé e dúró, àwọn náà sì wà lóòró pẹ̀lú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá jókòó, á ṣubú. N kò mọ̀ bóyá kí n kà wọ́n sí ẹnì kan tàbí sí ẹni mẹ́ta. Ibẹ̀ ni mo ti dẹ́kun kíkà.

Mostyn.